Kí awọnlẹ̀ tó dé, ẹ bi wá ná: ọ̀rọ̀ wa lórí ilẹ̀ ilé tuntun ní Kétu

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á, torí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ní ìdúró.

Níbi tí èèyàn mẹ́ta bá ti jókòó ní Kétu báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ara wọn: ibo ni wọ́n máa là fún ilé kíkọ́ báyìí? Àwọn kan ní apá ọ̀nà Ìlárá ni. Àwọn kan ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ gíga ni. Àwọn mìíràn ti gbà lọ́kàn ara wọn pé oko baba àwọn ló kàn, oorun ò kun ojú wọn mọ́. Kò sí ẹni tó rí ìwé, kò sí ẹni tó rí àwòrán, ṣùgbọ́n olówó ti ń wọkọ̀ wá láti Kútọnu láti ra ilẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Àhesọ a ṣáájú, ìwé a máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí a dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́. A ò lòdì sí pé kí ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù wá ilẹ̀ tuntun fún ilé. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2002, 100,499 ni wọ́n kà ní kọ̀múùnù Kétu. Nígbà tí wọ́n tún kà wá ní 2013, a ti di 157,352. Ọdún mọ́kànlá péré ni ó wà láàrin wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kà wá kẹ́yìn yẹn ti wà ní collège báyìí, láìpẹ́ wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n máa gbé aya wọn sí. Ní 2013 yìí náà ni ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tí à ń pè ní Université Nationale d'Agriculture láti 2016. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti Natitingou, láti Parakou, láti Lokossa, yàrá ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ìyá tó ní yàrá méjì tó ṣófo ti di onílé tó ń gba owó oṣù. Èyí dára. Ìlú tó ń dàgbà ni a wà, a ò sì lè sọ pé kí ó má dàgbà mọ́.

Ṣùgbọ́n a kì í jẹ ilé. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n fẹ́ là yìí náà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti òwú wa ń hù lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pín in tán, a ò lè tún un kó jọ mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ohun kan ṣoṣo nínú ìwé yìí: kí wọ́n bi wá kí wọ́n tó fa ìlà, kí wọ́n kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀, kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa ṣe. Ìpàdé yàtọ̀ sí ìbéèrè. Èèyàn lè pe ẹgbẹ̀rún ènìyàn sí ìpàdé kó má bi ẹnì kankan ní nǹkan kan.

A mọ ohun tí à ń sọ, torí pé a ti jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì rí.

Nígbà tí a ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wọ́n gbé wa lọ sí ibì kan ní gúúsù, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí a jọ ṣe é, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti fẹ̀yìn tì bíi tiwa. Wọ́n fẹ́ la ilẹ̀ fún ilé níbẹ̀, wọ́n sì pe ará ìlú sí yàrá ìkàwé kan. Wọ́n fi àwòrán ńlá kọ́ ara pátákó. Ọ̀gá kan fi Faransé sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ẹni tó ń túmọ̀ sọ tirẹ̀ láàrin àsìkò tí èèyàn fi ń mu ife omi kan. Wọ́n ṣáà pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan wá dìde lẹ́yìn, ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, àwòrán yín dára. Ẹ dákun, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí oko mi wà nínú rẹ̀.» Awọnlẹ̀ wo àwòrán, ó wo ìyá, ó ní ìyẹn ṣì ń bọ̀ tó bá yá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá jókòó.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n gbé ìwé yí wọn ká pé kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i pé òun wá. Ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, àwa gan-an ni wọ́n ní kí a kọ procès-verbal. A kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. A sì so ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí mọ́ ọn. Ẹ ò rí i: ìwé tí wọ́n fi jẹ́rìí pé àwọn wá sí ìpàdé ni a sọ di ìwé pé àwọn gbà. Kò sí ẹni tó rán wa pé kí a purọ́. Bí a ṣe bá a tí wọ́n ń kọ ọ́ ni àwa náà ṣe kọ ọ́, a sì lọ jẹun ọ̀sán.

Oko ìyá yẹn bọ́ sójú ọ̀nà àti sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìjọba. Pàsẹ́lì kan ṣoṣo ni wọ́n fún un, níbi tó jìn, níbi tí omi òjò ń dúró sí. Owó awọnlẹ̀ tí ó yẹ kó san lórí rẹ̀, kò rí i san, ọmọ rẹ̀ bá tà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ a pàdé ọmọ náà ní Àjàṣẹ́, ó ń wa zém. Ó dá wa mọ̀. Ó kí wa dáadáa, ó gbé wa dé ibi tí à ń lọ, nígbà tí a na owó sí i, kò gbà á. A ò tíì gbàgbé ìyẹn. Bí ẹ bá ń bi wá pé kí ló dé tí àgbàlagbà tó yẹ kó máa sinmi tún ń da ara rẹ̀ láàmú lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀rì àti awọnlẹ̀, ìdáhùn wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ «lotissement, lotissement» lásán ni, a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Awọnlẹ̀, ìyẹn géomètre, á kọ́kọ́ wá wo ohun tó wà nílẹ̀: ta ló ni ibí, ibo ni ààlà rẹ̀ dé, ilé wo ló ti wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní état des lieux. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ ń wọ ìwé. Ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó wà ní Èkó tàbí Libreville, opó tí àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ pé «gbogbo rẹ̀, tèmi ni», orúkọ tiwọn kò ní wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fa ọ̀nà, wọ́n á ya ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti ilé ìwòsàn sọ́tọ̀, wọ́n á pín èyí tó kù sí pàsẹ́lì, wọ́n á wá tún olúkúlùkù gbé kalẹ̀. Ìgbékalẹ̀ yìí ni recasement. Ibi tí wọ́n bá gbé ẹ kalẹ̀ sí lè jẹ́ orí ilẹ̀ baba rẹ, ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní ìdílé kan ní hẹ́kítà méjì, ìyẹn 20,000 mítà onígun mẹ́rin. Ká ní wọ́n sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún, ogójì máa lọ fún ọ̀nà àti fún ohun tí gbogbo ìlú á jọ lò. 8,000 ti lọ nìyẹn, ó ku 12,000. Bí pàsẹ́lì kan bá jẹ́ 20 mítà sí 25, ìyẹn 500, pàsẹ́lì mẹ́rìnlélógún ni ìdílé máa gbà. Ẹni tó bá gbọ́ mẹ́rìnlélógún á ní àwọn ti di olówó. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé náà lè tó ọgbọ̀n. Wọn ò ní oko mọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ lórí pàsẹ́lì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rí ìwé rẹ̀ gbà. Níbo ni àgbẹ̀ ti máa rí owó ọ̀hún? Á ta mẹ́ta láti san ti ìyókù, á tún ta méjì nígbà tí ọmọ bá ṣàìsàn, á ta ọ̀kan láti ra ọ̀kadà. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, àlejò ló ni àdúgbò.

A ò sọ pé ogójì ni wọ́n máa mú ní Kétu. Àpẹẹrẹ lásán ni a fi í ṣe. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n máa mú yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí gbogbo ìdílé gbọ́, kí wọ́n sì gbọ́ ọ lédè wọn, kí ẹnikẹ́ni tó ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Ìkejì, 8,000 tó lọ yẹn, ojú ta ni yóò máa wà lára rẹ̀? Ní ibi púpọ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa yìí, ilẹ̀ tí wọ́n ní ti ilé ẹ̀kọ́ ni, ọdún díẹ̀ á kọjá, ẹnì kan á ti kọ́ ilé alájà sórí rẹ̀, kò ní sí ẹni tó lè sọ bó ṣe débẹ̀. Àwọn ìdílé fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú, ìlú ò rí i lò. Tí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn fi inú dídùn yọ̀ǹda ilẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi òkúta pààlà sí ibi tó jẹ́ ti ìlú lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó níbẹ̀ pé «ilé ẹ̀kọ́ ni ibí», kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní pàsẹ́lì kan ṣoṣo.

Kì í ṣe pé àwa Kétu ò mọ ètò ìlú. Ìlú tí odi àti yàrà yí ká, tó ní Akaba Idena lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe ìlú tí wọ́n kọ́ ní wúruwùru. Nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ọ ní 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀, igbó ló gba agbo ilé. Ní 1894 ni wọ́n tún Kétu tẹ̀ dó, lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Gbẹ̀hánzìn. Kò sí awọnlẹ̀ nígbà náà. Àwọn àgbà tó tọ́ wa máa ń sọ pé kùkùté ògiri àti ìdí igi ni wọ́n fi ń wá ibi tí agbo ilé kálukú wà, pé wọ́n á pe ẹni tó dàgbà jù tó kù nínú ìdílé wá síbẹ̀, aládùúgbò á jẹ́rìí sí i, kí ẹnikẹ́ni tó ri òpó. Ìyẹn ni a pè ní ìbéèrè. Orí ilẹ̀ náà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi béèrè, kì í ṣe inú yàrá.

Bí a bá wá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, àwọn wo ni wọ́n máa bi? Ẹnu kì í kò lórí àwọn ìdílé onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ má bínú sí wa. Kì í ṣe mẹ́ẹ̀rì nìkan ló ń ba ilẹ̀ jẹ́. Nínú àwọn ìdílé wa, àgbà kan á fi òru ta ohun tí gbogbo ọmọ jọ ni. Á tà á fún ẹni méjì, nígbà mìíràn fún ẹni mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá bẹ́, á sọ pé ọmọdé ló ta á. Olórí ìdílé tó dá lọ sí ìpàdé, tó dá gbọ́, tó dá fọwọ́ sí i, kò ṣojú fún ìdílé. Ara rẹ̀ ló ṣojú fún.

Kí wọ́n bi àwọn obìnrin, kí wọ́n sì bi wọ́n lọ́tọ̀, torí obìnrin tó bá jókòó lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ ní gbangba kò ní sọ ohun tó mọ̀. Òun ló mọ ibi tí omi ń gbà nígbà òjò. Òun ló mọ ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ẹ̀kọ́. Láti 2004, tí òfin ìdílé, ìyẹn code des personnes et de la famille, ti jáde, ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ogún baba rẹ̀ bí ọmọkùnrin. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò fẹ́ gbọ́ èyí. Òfin ni ṣá, àti pé bí awọnlẹ̀ bá kọ orúkọ àwọn ọkùnrin nìkan, ẹjọ́ ló ń kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Kí wọ́n bi àwọn àlejò wa pẹ̀lú. Àwọn Ọ̀họ̀rí, àwọn Màhì, àwọn Fọ̀n tí baba wọn ti ń dáko láàrin wa, a jọ ń jẹ, a jọ ń sìnkú ni. A ò sọ pé kí wọ́n di onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dáko síbì kan fún ogún ọdún, kò yẹ kó jẹ́ ìró katakata ló máa kọ́kọ́ sọ fún un pé kó kúrò. Àwọn Fúlàní náà ní ọ̀nà tí màlúù wọn ń gbà. Bí wọ́n bá kọ́lé dí ọ̀nà yẹn, inú oko wa ni màlúù máa gbà, ẹ sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e.

Òfin wà lẹ́yìn wa ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Òfin àgbà orílẹ̀-èdè wa ti 11 oṣù kejìlá 1990 sọ ọ́ ní àpilẹ̀kọ 22 pé wọn ò lè gba ohun ìní ẹnikẹ́ni àfi bó bá jẹ́ fún àǹfààní gbogbo ìlú, kí wọ́n sì kọ́kọ́ san ohun tó tọ́ dípò rẹ̀. Òfin ilẹ̀, code foncier et domanial, jáde ní 2013, wọ́n tún un ṣe ní 2017. Ó sọ pé kí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà ní kọ̀múùnù, kí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní section villageoise. A bi yín: ti abúlé yín ńkọ́? Ta ni olórí rẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n jókòó kẹ́yìn? Òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko tó ju hẹ́kítà méjì lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, àti pé láti hẹ́kítà méjì dé ogún, ọwọ́ ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù ni àṣẹ náà wà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé wọn ò lágbára lórí àwọn tó ń wá ra ilẹ̀ ní pápá-ń-pápá.

Ẹni tí kò bá ní ìwé kankan lórí oko baba rẹ̀, kó má dúró de awọnlẹ̀. Ìwé wà tí wọ́n ń pè ní attestation de détention coutumière, tó ń fi hàn pé ọwọ́ rẹ ni ilẹ̀ náà wà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìwé yẹn kì í ṣe titre foncier, ṣùgbọ́n ó wà lára ìwé tí wọ́n ń gbà nígbà tí èèyàn bá fẹ́ ṣe titre foncier. Kí àwọn ìdílé gba a ní orúkọ ìdílé lápapọ̀, kì í ṣe ní orúkọ ẹnì kan. Ohun mìíràn tó yẹ ká mọ̀: láti ìgbà tí òfin 2021-14 ti tún ìjọba kọ̀múùnù tò, mẹ́ẹ̀rì nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ ló ń pinnu, secrétaire exécutif ló ń mú ìpinnu ṣẹ tó sì ń náwó, préfet tó wà ní Pobè sì ń mójú tó wọn. Lẹ́tà tí èèyàn bá kọ sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn lè sùn sínú àpótí. Kí ẹ kọ ọ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì gba décharge. Ọ̀rọ̀ ẹnu dùn, décharge ló ń jẹ́rìí.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ máa ń sọ pé bí a bá ní ká bi gbogbo èèyàn, a ò ní parí láyé. Wọ́n tún ń sọ pé bí a ti ń béèrè lọ́wọ́ báyìí, àwọn ìdílé ń gé ilẹ̀ tà fúnra wọn láìsí ọ̀nà, láìsí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, tí ọkọ̀ panápaná ò sì ní lè gbà kọjá. Òótọ́ wà nínú èyí, a ò jiyàn. Ilẹ̀ tí wọ́n gé tà láìsí ètò burú ju èyí tí wọ́n fi ètò là lọ. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú kí àwọn ìdílé máa sáré tà? Ìbẹ̀rù ni. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá mú ilẹ̀, wọn ò mọ iye tó máa kù fún wọn, wọ́n ní ká yáa tà á ká rówó jẹ. Ẹni tí wọ́n bá jókòó tì, tí wọ́n sọ iye fún, kò ní sáré. Ní ti pé ìbéèrè ń gba àkókò, ẹ lọ sí tribunal ní Pobè kí ẹ wo iye ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà tí èèyàn sá fún, ó fi ọdún mẹ́wàá rọ́pò rẹ̀.

A tún ní ohun kan tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan oko tuntun. Kí wọ́n ka àwọn pàsẹ́lì tó ti wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí. Ẹ rìn káàkiri àwọn àdúgbò tí wọ́n ti pín, ẹ máa rí i: ògiri bíríkì mẹ́ta yí koríko ká, ilẹ̀kùn irin tó ti dípẹtà, ejò nìkan ló ń gbébẹ̀. Àwọn tó ni ín wà ní Kútọnu, wọ́n ń dúró kí owó ilẹ̀ gòkè. A ò ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, owó ni wọ́n fi rà á. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí àgbẹ̀ pàdánù oko rẹ̀ nígbà tí koríko ń gbé nínú ìlú? Ìjọba ní tirẹ̀ yan ilẹ̀ kan ní Ouèdo, nítòsí Calavi, láti kọ́ ilé rẹpẹtẹ fún àwọn èèyàn Kútọnu. Kétu kì í ṣe Kútọnu. Ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ wa ń wá lè wà nínú ìlú tí a ti ní, níbi tí iná àti omi ti dé.

Omi! Ẹni tó bá dàgbà ní Kétu kò nílò àlàyé. Omi jìn nílẹ̀ lórí òkè wa yìí, àwọn ìyá wa fi orí ru ìkòkò títí orí fi pá. Tí wọ́n bá la àdúgbò tuntun síbi tí ẹ̀rọ omi ò dé, àwọn ọmọbìnrin wa ni yóò tún padà sẹ́nu ìkòkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń rù báyìí. Kí àwòrán tí wọ́n bá gbé wá fi ibi tí omi ti máa wá hàn wá.

Kí ó tún fi igbó òrìṣà hàn wá, pẹ̀lú ibojì àwọn baba wa. Láti 2012 ni ìjọba ti ní àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe lè dá igbó òrìṣà mọ̀ lábẹ́ òfin kí kọ̀múùnù àti àwọn onílé jọ máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀, igbó mélòó ni ẹ ti mú lọ? A fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yangàn káàkiri ayé, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Bí wọ́n bá wá pín gbàgede tí a ti ń jó o sí pàsẹ́lì ńkọ́? Níbo ni ẹ̀fẹ̀ máa ti jáde lóru, ṣé nínú gáréèjì ẹnì kan ni?

Ohun tí a ń bẹ ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù fún kò le. Kí wọ́n wá sí abúlé kọ̀ọ̀kan ní arrondissement mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kì í ṣe sí ìlú nìkan: Adakplamè, Idigny, Kpankou, Odomèta àti Okpomèta, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ kàn. Kí wọ́n wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí wọ́n má sì wá lásìkò tí gbogbo èèyàn wà lóko. Kí wọ́n fi èdè wa sọ ọ́, kí wọ́n sì fi Fọ̀n tàbí Màhì sọ ọ́ níbi tó bá yẹ. Kí wọ́n rìn yí ààlà ká pẹ̀lú àwọn àgbà. Kí procès-verbal kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ, títí kan ẹni tó lòdì, kí wọ́n kà á sétí gbogbo èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ìwé àwọn tó wá ìpàdé, kí ó dúró ní ìwé àwọn tó wá ìpàdé. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, kí wọ́n padà wá sọ pé èyí la gbà nínú ọ̀rọ̀ yín, èyí ni a ò gbà, ìdí rẹ̀ rèé. Bí wọn ò bá gba tiwa, a lè fara mọ́ ọn. Ohun tí a ò lè fara mọ́ ni kí wọ́n má dá wa lóhùn rárá.

Ní tiwa nínú ẹgbẹ́, a ti pinnu pé a ò ní jókòó máa ráhùn. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, a óò fi bébà ńlá lé ara ògiri, a óò ya ọ̀nà, odò àti igi ńlá tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí i, kí olúkúlùkù wá fi ọwọ́ kan ibi tí oko rẹ̀ wà, kí a kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ilẹ̀ àtijọ́, kó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá, kó fi ojúlówó sílé. Ẹ bá wa mú àwọn àgbà tó mọ ààlà dání. Àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, kí ẹ sọ fún wa ṣáájú, a ti bá àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọ̀kadà sọ̀rọ̀, wọ́n á wá gbé wọn nílé, wọ́n á sì dá wọn padà.